Kí wọ́n tó fa ìlú léni lọ́wọ́: bí wọ́n ṣe ń ṣètò kíkó ọmọ ogun kúrò

Nígbà tí ilẹ̀ kan bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn, àsíá tó ń sọ̀ àti èyí tó ń gòkè ni gbogbo ojú máa ń wò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, iṣẹ́ tó lágbára jù ti parí. Àwọn ọmọ ogun tó ti wà nínú ìlú fún ogójì ọdún, tàbí ọgọ́rùn-ún, ní láti kó ìbọn, ọkọ̀, oògùn, ìwé àṣírí, aya àti ọmọ kúrò láì jẹ́ kí ìlú dàrú lẹ́yìn wọn, láì sì kọjá ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí nínú àdéhùn. Bí wọ́n bá yá jù, kò ní sí ẹni tí yóò dáàbò bo ìlú. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, wọ́n di àjèjì tó gbé ìbọn dání lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á wá máa kà á padà sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ara wọn ni pé: ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn wo ni kò gbọdọ̀ má sí nílé? Ìdáhùn rẹ̀ kì í gùn. Àwọn tó ń ṣọ́ gómìnà, àwọn tó di pápákọ̀ òfuurufú tàbí èbúté mú, àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò ológun, dókítà kan pẹ̀lú nọ́ọ̀sì díẹ̀, àti àwọn tí yóò yan níwájú àsíá. Ẹnikẹ́ni tí kò bá sí lára wọn gbọ́dọ̀ ti lọ ṣáájú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ka ọ̀sẹ̀ àti oṣù lọ sẹ́yìn, tí wọ́n á máa wádìí pé: bí àwọn wọ̀nyí bá lọ lónìí, ta ló gbára lé wọn tí kò tíì lọ?

Ẹni tó bá ti kó kúrò nínú ilé tó háyà rí ní Ìjàpọ̀ tàbí Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́ ti mọ ọgbọ́n ibẹ̀: àga àti àpótí ló ń kọ́kọ́ jáde, ìkòkò ọbẹ̀ àti ẹní ló ń kẹ́yìn. Ti ológun le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn tí ará ìlú rò pé yóò kẹ́yìn kọ́ ló ń kẹ́yìn. Aya àti ọmọ ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá ti lọ tán, ilé ìwé inú bárékè lè tì, ilé ìwòsàn lè dín bẹ́ẹ̀dì kù, àwọn tó ń ṣọ́ ilé wọn yóò sì ráyè fún iṣẹ́ mìíràn. Ìbọn ńlá àti ọkọ̀ ogun tó wúwo ló tẹ̀ lé wọn, nítorí ọkọ̀ òkun ló ń gbé e, ọkọ̀ òkun kì í sì í wà nílẹ̀ nígbàkigbà téèyàn bá fẹ́. Àwọn tó ń dáná, àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, àwọn tó ń ka ẹrù, àwọn tó ń kọ orúkọ ẹni tó wọ bàálù, àwọn wọ̀nyí ni kò lè tètè lọ, nítorí àwọn ló ń kó àwọn yòókù jáde. Ọ̀gágun tó bá kọ́kọ́ dá akọ̀wé àti mẹkáníìkì padà sílé, tó wá ṣẹ́ ku ọmọ ogun ìjà nìkan, yóò rí i pé òun ní ìbọn tó pọ̀ àti ọkọ̀ tí kò ṣeé wà.

Gbogbo èyí ṣeé kọ sórí ìwé. Ohun tí kò rọrùn ni ti ẹni tó ń gbà á. Kò sí ọmọ ogun tó ń jókòó lásán nínú ìlú. Iṣẹ́ kan wà tí oníkálukú wọn ń ṣe. Ibi tí wọ́n bá sì ti gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti nawọ́ láti gbà á. Bí ẹni náà kò bá sí, tàbí tó wà tí kò ṣeé fọkàn tán, kò sí bí ìṣirò ọkọ̀ àti bàálù ṣe péye tó tó lè gbà wọ́n.

Hong Kong ni wọ́n ti ráyè ṣe é jù. Ní 19 oṣù Kejìlá 1984 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ṣáínà fọwọ́ sí àdéhùn ní Beijing pé ilẹ̀ náà yóò padà sọ́wọ́ Ṣáínà ní 1 oṣù Keje 1997. Ó lé ní ọdún méjìlá tí wọ́n fi múra. Inú àdéhùn yẹn kan náà ni wọ́n ti pín iṣẹ́: ààbò lọ́wọ́ ọ̀tá òde di ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n ìjọba Hong Kong fúnra rẹ̀ ni yóò máa bójú tó àlàáfíà inú ìlú. Gbólóhùn kékeré yẹn ló pinnu ọ̀nà tí ìkúrò náà gbà. Tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ni yóò máa ṣọ́ ìlú lẹ́yìn 1997, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti mọ́ ọlọ́pàá lára kí sójà tó lọ.

Ẹnubodè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sójà, pàápàá àwọn Gurkha tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà síṣẹ́ láti Nepal, ló ń ṣọ́ ààlà Hong Kong àti Ṣáínà, tí wọ́n ń mú àwọn tó ń yọ́ wọlé. Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1992 ọlọ́pàá ló ń dá a ṣe. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé sójà ṣì wà nítòsí nígbà náà. Bí apá ọlọ́pàá kò bá ká a ní òru ọjọ́ kan, ìrànwọ́ kò jìnnà. Wọ́n gbé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n tó gbé ara wọn kúrò, àlàfo ọdún márùn-ún yẹn sì ṣiṣẹ́ ju ìwé àdéhùn èyíkéyìí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn yòókù ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1994, wọ́n da àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gurkha mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan, Royal Gurkha Rifles, èyí tó dín iye wọn kù. Ní 3 oṣù Kẹsàn-án 1995, wọ́n tú ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn ṣiṣẹ́ ológun ká. Ní ìparí oṣù Kẹta 1997, wọ́n tú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Hong Kong tó wà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ká pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n ti ilé iṣẹ́ ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì pa. Nígbà tó kù bí oṣù kan, ẹgbẹ́ hẹlikópítà kásẹ̀ nílẹ̀. Bàtálíọ̀nù kan ṣoṣo, Black Watch láti ilẹ̀ Sìkọ́tílándì, ló wà níbẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Kì í ṣe pé wọ́n ń retí ogun. Ìlú tó ti ń kọminú láti ìgbà tí sójà Ṣáínà ti yìnbọn sí àwọn èèyàn ní Beijing ní oṣù Kẹfà 1989 nílò láti máa rí i pé ẹnìkan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú rírí yẹn sì wà lára ètò bí ọkọ̀ àti oúnjẹ ṣe wà lára rẹ̀.

Bí ti Hong Kong ṣe lọ wẹ́rẹ́ ni ti Aden, lápá gúúsù Yẹ́mẹ̀nì, ṣe dàrú. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kì í ṣe òpè. Ní oṣù Kejì 1966, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò fi Aden sílẹ̀ kí 1968 tó parí, àti pé kò ní sí àdéhùn ààbò kankan pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ìkéde yìí yí ìṣirò gbogbo èèyàn padà lójijì. Ọba, olóyè, ọlọ́pàá àti akọ̀wé tó ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí àwọn yóò fara pamọ́ sí. Ẹgbẹ́ méjì tó ń jà fún òmìnira, NLF àti FLOSY, kọjú ìbọn síra wọn, nítorí oníkálukú fẹ́ jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yóò bá lórí àga lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ gbọ́: ọjọ́ tí wọ́n bá kéde ọjọ́ ìlọ ni agbára wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kódà bí ẹyọ sójà kan kò bá tíì wọkọ̀.

Ní 20 oṣù Kẹfà 1967, àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn gan-an tó yẹ kó gba iṣẹ́, dìde. Wọ́n pa àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò Crater sì bọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan lábẹ́ Colin Mitchell gbà á padà. Láti ìgbà náà, ètò ìkúrò di ọ̀rọ̀ bí agbo ṣe ń kéré sí i. Àwọn tó wà ní ìgbèríko ti kúrò ṣáájú. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi Little Aden sílẹ̀, wọ́n sì fi Sheikh Othman tẹ̀ lé e. Wọ́n fà sẹ́yìn sí ìlà tó sún mọ́ pápákọ̀ òfuurufú Khormaksar, tí wọ́n fi èbúté sẹ́yìn, tí ọkọ̀ ogun sì wà lórí omi tó ń wo ilẹ̀. Òfin irú ìfàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti sọ: má ṣe di ìlà tó gùn ju iye èèyàn tó kù fún ọ lọ. Láti pa á mọ́ ló ṣòro, nítorí gbogbo ìgbà tí agbo bá kéré sí i, ìbọn àwọn ọ̀tá náà ń sún mọ́ bàálù.

Ọjọ́ òmìnira pàápàá kò dúró lójú kan. Wọ́n ti kọ́kọ́ dá a sí oṣù Kìíní 1968, wọ́n wá fà á wá síwájú sí oṣù Kọkànlá 1967. Inú oṣù yẹn kan náà, ní Geneva, ni wọ́n tó jókòó bá NLF sọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ṣe gba ìjọba. Ní 28 oṣù náà, Humphrey Trevelyan, aṣojú àgbà Gẹ̀ẹ́sì, lọ. Ní ọjọ́ kejì, hẹlikópítà gbé àwọn sójà tó kẹ́yìn lọ sínú ọkọ̀ ogun. Hong Kong mọ ẹni tí yóò gbà á ní ọdún méjìlá ṣáájú. Aden mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Ní Palẹstínì ní 1948, Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ fa ìlú lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rárá. Wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí èbúté Haifa, àṣẹ wọn parí ní àárín oṣù Karùn-ún, àwọn sójà tó kẹ́yìn sì wọkọ̀ níbẹ̀ ní 30 oṣù Kẹfà, nígbà tí ogun ti gba gbogbo ilẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ń bẹ. Ará Àkúrẹ́ tó bá mọ Owena Cantonment, ibi tí bìrìgéèdì 32 ti àwọn oníbọn ńlá wà, mọ̀ pé bárékè kì í ṣe pulọ́ọ̀tì kan tàbí méjì. Ilẹ̀ gbalasa ni, ìlú sì máa ń gbòòrò yí i ká títí yóò fi di ibi tí gbogbo oníṣòwò ilẹ̀ ń tẹjú mọ́. Ta ló ni í nígbà tí ìjọba bá yí padà? Ní Hong Kong, ọ̀rọ̀ yìí fa àríyànjiyàn títí di 1994. Ibi tí ológun Gẹ̀ẹ́sì ń lò lápapọ̀ jẹ́ 39. Wọ́n fẹnu kò pé 14 yóò di ti àwọn ọmọ ogun Ṣáínà, ìjọba Hong Kong yóò sì gba 25 tó kù láti fi kọ́ ohun mìíràn. Tamar, ilẹ̀ èbúté ológun tó wà ní etí omi àárín ìlú, tí ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n bí ojú, bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ìyẹn ni wọ́n fi ní láti kọ́ èbúté ológun tuntun sí erékùṣù Stonecutters fún ẹni tó ń bọ̀. Lónìí, orí ilẹ̀ Tamar yẹn ni ọ́fíìsì ìjọba Hong Kong wà, ilé gíga àwọn ológun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì di ti Ṣáínà. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ omi ibẹ̀ kò padà sílé. Wọ́n tà wọ́n fún Filipínì.

Bí ilẹ̀ bá ń fa àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó gbé ìbọn fún amúnisìn ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni ètò máa ń gbàgbé jù. Sójà aláwọ̀ funfun ń lọ sílé. Ti ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ní Algeria, àdéhùn Évian ti 18 oṣù Kẹta 1962 ka nǹkan lẹ́sẹẹsẹ: láàárín ọdún kan, ọmọ ogun Faransé yóò dín kù sí 80,000, ìyókù yóò lọ láàárín ọdún méjì sí i, Faransé yóò sì máa lo èbúté Mers-el-Kébir fún ọdún 15. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ̀san lára ẹni tó ti bá Faransé ṣe. Síbẹ̀, wọ́n pa ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn Harki, àwọn ọmọ Algeria tó jà lábẹ́ àsíá Faransé, lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ọmọ ogun Faransé ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn. Iye sójà kò gbà wọ́n, torí àṣẹ láti dá sí i ti kúrò lọ́wọ́ sójà náà. Ọdún 2021 ni ààrẹ Faransé, Emmanuel Macron, tó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn. Ti Hong Kong kò dé ibi ìpànìyàn, àmọ́ nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó wà nínú iṣẹ́ ológun níbẹ̀, páspọ́ọ̀tù 500 péré ni Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún wọn, ẹ̀bẹ̀ àwọn tí kò rí gbà sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Wákàtí tó kẹ́yìn ní ìdààmú tirẹ̀. Ọmọ ogun méjì tí kò fọkàn tán ara wọn fẹ́ pàdé nínú ìlú kan: èyí ń jáde, ìkejì ń wọlé. Ṣáínà kò fẹ́ kí ìṣẹ́jú kan kọjá láàárín òru tí kò ní sí sójà tirẹ̀ ní Hong Kong. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí sójà mìíràn máa rìn nínú ìlú nígbà tí àsíá tirẹ̀ ṣì wà lókè. Àwọn aṣojú méjèèjì jiyàn lórí rẹ̀ pẹ́. Níkẹyìn, 196 wọlé ṣáájú ní ìdá mẹ́ta láti oṣù Kẹrin. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ 30 oṣù Kẹfà, 509 mìíràn kọjá ẹnubodè pẹ̀lú ọkọ̀ 39. Nǹkan bí 4,000 tó kù wọlé ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí gómìnà Chris Patten ti wọ ọkọ̀ Britannia lọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ yìí. Nígbà tí ogun Kírìjí fẹ́ parí, àgọ́ Ìbàdàn àti àgọ́ Èkìtì Parapọ̀ kọjú síra wọn, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà sí ìkejì. Àlùfáà méjì ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn: Samuel Johnson, àti Charles Phillips tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Oǹdó. Ní 1886, lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tán, àwọn aṣojú ìjọba Èkó wá dúró láti fojú rí i bí wọ́n ṣe ń tú ká, wọ́n sì sun àwọn àgọ́ náà kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ibi tí yóò padà sí. Apá tó kan Mọdákẹ́kẹ́ nínú àdéhùn náà kò ṣẹ ní tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè tì wọ́n kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

Ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Kò sí bàtálíọ̀nù òyìnbó tó pọ̀ nílẹ̀ yìí tí wọn yóò kó sínú ọkọ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni àwọn sójà. Àwọn ọ̀gá ló jẹ́ òyìnbó. Nítorí náà, ìkúrò di ọ̀rọ̀ ìpò: ọ̀gá kan lọ, ọmọ Nàìjíríà kan gba ìjókòó rẹ̀. Ní 1 oṣù Kẹrin 1958 ni àṣẹ lórí ọmọ ogun bọ́ lọ́wọ́ London sọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà, ọdún méjì àti ààbọ̀ ṣáájú òmìnira. Àmọ́ ọ̀gá ológun kì í hù bí ewé. Láti lẹ́fútẹ́náǹtì dé bìrìgédíà, ọdún gbọọrọ ni. Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Oǹdó tí títì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìlú náà títí dòní, wà lára àwọn díẹ̀ tó tètè gba ipò ọ̀gá, ó sì di bìrìgédíà ní Kàdúná kí wọ́n tó pa á nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba oṣù Kìíní 1966.

Ohun kan tí Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni àdéhùn ààbò, tí yóò jẹ́ kí bàálù ológun wọn máa gba òfuurufú ilẹ̀ yìí kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn fi ìwọ́de kọ̀ ọ́ ní oṣù Kọkànlá 1960. Ní oṣù Kìíní 1962, ìjọba méjèèjì fagi lé e. Ọ̀gá àgbà pátápátá fún ọmọ ogun ilẹ̀ yìí ṣì jẹ́ òyìnbó nígbà náà. Ọdún 1965 ni Christopher Welby-Everard tó kó ẹrù rẹ̀, tí Johnson Aguiyi-Ironsi sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí àsíá ti gòkè.